Ohun Tó Wà Nínú Agbọ̀n

Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Fàsílátù yọ abẹ́rẹ́ kúrò láàárín ètè rẹ̀, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá náà ni.

"Ṣé nǹkan yìí ò tíì kú sójú kan báyìí?"

"Ça vient, Maman. Ó ń wọlé."

Bushrah ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ọ̀dọ̀ Steve tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, gbogbo àdúgbò ló sì ń bá wọn lò ó lọ́sàn-án. Bushrah ní kí Màmá fọkàn balẹ̀.

Fàsílátù ní ọkàn òun balẹ̀. Irọ́ ni. Láti ìgbà tó ti kírun àsùbá tán ni ọkàn rẹ̀ ò ti sí lára iṣẹ́. Ó ti rán apá bùbá kan sódì láàárọ̀, ó sì ti tú u. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: bí òwú kan ṣoṣo bá wọ́ lára aṣọ, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo ará Atong Abè ní Libreville tó wà nítòsí ló mọ̀ pé géèmù tuntun kan ń jáde lónìí, Ọjọ́bọ̀, òun náà ló ń wọlé yìí, torí Bushrah ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú wọn láti oṣù mẹ́ta. Ohun tí ẹnì kankan ò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò lè ka ìwé ju orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ara téèpù lọ, ló ń retí géèmù náà jù ú lọ.

Ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà kọ́kọ́ gé díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, káwọn èèyàn lè tọ́ ọ wò. Bushrah gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, Fàsílátù sì wá lé e kúrò níbẹ̀. Ló bá rí ẹranko kékeré kan. Ó rí roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo, etí rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ kóòtù búlúù oníbọ́tìnnì kan ṣoṣo, ó sì pọn agbọ̀n onídèérí kan sẹ́yìn. Fàsílátù ní òkété ni. Bushrah bínú, ó ní kì í ṣe òkété. Steve yọjú wò ó, ó ní ológbò ni. Títí di òní, wọn ò tíì parí ẹjọ́ yẹn.

Òdòdó kún ọ̀nà tí ẹranko náà ń tọ̀. Olú tó lójú tó lẹ́nu ń kí i bó ṣe ń kọjá. Fàsílátù ti fẹ́ sọ pé ṣé kò ti ọmọ ọdún méjìdínlógún lójú láti máa ṣe eré jẹ́lé-ó-sinmi. Ibi tó ti la ẹnu ni òkété náà ti dúró lábẹ́ igi kan. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó yọ àwo kékeré kan, ó bu oúnjẹ sí i, ó gbé e síwájú agbọ̀n. Kò jẹ níbẹ̀. Ó kàn dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi ọwọ́ kóòtù rẹ̀ nu ìdérí agbọ̀n náà, ó tún gbé e pọ̀n, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Fàsílátù fa àga, ó jókòó.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kírun àsárì tán, á ní kí Bushrah ṣí òkété yẹn kí òun fi sinmi ojú. Bí èèyàn bá gbàgbé láti gbé àwo kalẹ̀, géèmù náà kì í bá a wí. Òdòdó kan á kàn di àwọ̀ eérú. Tó bá tún gbàgbé, ohùn kan á kúrò nínú orin, olú kan ò sì ní kí i mọ́. Bushrah ní ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi gba ayé: ó wuni í wò bí ohun ìṣeré ọmọdé, nǹkan dúdú kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn bọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n. Àwọn kan ní wúrà ni. Bushrah ní ẹyin ni. Apá ìtọ́wò yẹn parí síbi tí àkèré arúgbó kan, tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà, ti bi òkété pé kí ló pọ̀n. Òkété gbọ́wọ́ lé ìdérí. Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n sì kọ ọjọ́ òní síbẹ̀.

Fàsílátù ò bá wọn jiyàn. Òun mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n. Ó ti mọ̀ látorí àwo.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń wò ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ aṣọ tó dára, kó yí inú rẹ̀ síta. Aránṣọ burúkú á fi ìlẹ̀kẹ̀ bo iwájú, òwú á sì máa já lulẹ̀ nínú. Àwọn tó ṣe géèmù yìí, ẹni yòówù kí wọ́n jẹ́, ilẹ̀ yòówù kí wọ́n ti wá, inú ni wọ́n kọ́kọ́ rán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú àti etí pupa yẹn, ìgbà tí wọ́n rán inú tán ni wọ́n tó fi sí i.

Lórí pẹpẹ tó wà lókè maṣíìnì rẹ̀, ọmọláńgidi oníke kan jókòó. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí Fàsílátù bá rán aṣọ fún Bushrah, á fi èyí tó kù rán irú rẹ̀ fún ọmọláńgidi náà. Àwọn oníbàárà rò pé àwòṣe ló gbé síbẹ̀. Wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á ní irú tọrùn rẹ̀ làwọn fẹ́. Àwo kékeré kan wà níwájú rẹ̀, ṣúgà díẹ̀ sì máa ń wà nínú àwo náà. Nígbà tí Bushrah ṣì kéré, ó béèrè ohun tí ṣúgà ń ṣe níbẹ̀. Fàsílátù ní ti èèrà ni, kí wọ́n má baà wọ inú aṣọ oníbàárà. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fọkàn tán ìyá rẹ̀, kò sí ohun tí kò lè gbà.

Kì í ṣe ti èèrà. Zulaikha ló ni ín. Òun àti Bushrah ni wọ́n jọ wáyé lọ́jọ́ kan náà ní Libreville níhìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ jáde, Bushrah tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́jọ ló lò. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti bí Fàsílátù, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀ kí èyí tó kù má baà dá wà. Wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa wọṣọ fún un, ohun tí èkejì bá ń jẹ ni wọ́n á bù fún un. Nílé pàápàá, oníke ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ta sì ni ì bá gbẹ́gi fún Fàsílátù ní Libreville? Ó lọ sí ọjà Mont-Bouët, ó rà á lọ́wọ́ Àbúdù, ará Èkó kan tó ń ta ohun ìṣeré, ó pọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ Bushrah, ó fi ọ̀já gbà wọ́n, ó kó àwọn méjèèjì wálé.

Ohun kan tún wà. Ní ilé wọn ní Pobè, wọn kì í wí fún èyí tó kù pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n á ní ó lọ sọ́jà. Fàsílátù náà wí bẹ́ẹ̀. Bí Bushrah bá ti ń wò yíká bí ẹni tí nǹkan bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Èkejì rẹ lọ sọ́jà, ó ń bọ̀." Ó wí i títí ọmọ náà fi pé ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó ń fà á lọ́wọ́ kọjá láàárín èrò Mont-Bouët, ló bá rí i tí ọmọ náà ń fọwọ́ kan èjìká àwọn ọmọbìnrin kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè yíjú padà, kó lè wo ojú wọn. Fàsílátù ò bi í pé kí ló ń wá. Láti ọjọ́ yẹn, kò wí pé ó lọ sọ́jà mọ́. Kò sì wí òótọ́. Fọláhàn ọkọ rẹ̀, tó ń ṣòwò ní Port-Gentil, ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé kí ni ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè yìí fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn.

Ní Ọjọ́ Àìkú yìí, Bushrah ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dakar, síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti ya àwòrán irú géèmù báyìí. Fàsílátù ti búra fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà ò ní lọ láìmọ̀. Ó ti gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀kan, nídìí oúnjẹ, ó la ẹnu, ó sì béèrè iyọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, nínú takisí, awakọ̀ dúró gbé ẹlòmíràn, ó sì sún àyè fún onítọ̀hún. Ó tiẹ̀ lọ bá ààfáà kan ní àdúgbò Awendjé kó bá òun wá ohun tí òun lè sọ. Ààfáà ní kó sọ pé òdòdó ni Zulaikha, tí Ọlọ́run já lọ sínú ọgbà rẹ̀. Fàsílátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bínú délé. Ọmọ òun kì í ṣe òdòdó. Ọmọ òun ní eyín méjì nísàlẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa fa irun èèyàn tu.

Ìdí nìyẹn tó fi ń retí òkété. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo kalẹ̀ báyẹn á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí. Ọ̀rọ̀ yòówù tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, òun á yá a lò.

Ó ti di ogójì nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí Sidonie wá gba aṣọ rẹ̀. Ọmọ Gabon ni, oníbàárà àtọjọ́pẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ti wọlé ló fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọláńgidi bí ìṣe rẹ̀, ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ bùbá ọrùn ọmọláńgidi náà. Fàsílátù fi orí júwe etí tábìlì. Àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán ẹyẹ, aṣọ ìrìnàjò Bushrah, ló wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi kò kù ju etí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, èyí tó kéré ṣì jẹ́ àgékù mẹ́rin tí wọ́n fi píìnì dè mọ́ra wọn. Sidonie yẹ aṣọ tirẹ̀ wò, kò rí àléébù, ó sì wá bojú wo kọ̀ǹpútà. Ó ní òun rò pé ẹni tó ń lọ sí Dakar á wà nídìí ẹrù rẹ̀. Bushrah ní ẹrù ti wà ní dídì láti ọjọ́ Ajé. Sidonie wá wo Fàsílátù lójú pẹ́ẹ́, ó ní àfi bí ẹni pé Maman Bushrah gan-an ló ń rìnrìn àjò. Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin, iná lọ.

Kọ̀ǹpútà ò kú, torí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà dúró. Bushrah ní kò burú, ó lè di alẹ́, ó lè di ọ̀la, òun ti dúró fún oṣù mẹ́ta. Fàsílátù ro ọ̀la: Jímọ́ọ̀ ni. Ọ̀túnla, àwọn ará Pobè tó wà nílùú ń bọ̀ wá kí ọmọ pé ó dàbọ̀, ilé á kún. Bí kì í bá ṣe òní, kò sí ọjọ́ mìíràn. Ó dìde tòun ti téèpù lọ́rùn, ó bọ́ sóde.

Steve jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Fàsílátù ní kó tan jẹnẹrétọ̀. Steve ní epo tó kù nínú rẹ̀ ò tó nǹkan, òun fi í pamọ́ de àwọn tó fẹ́ gba iná sí fóònù nírọ̀lẹ́. Ó wá wo ìyá náà dáadáa, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Maman Bushrah, gbogbo èyí torí ológbò?"

"Òkété ni." Fàsílátù ò rẹ́rìn-ín. "Tan án, Steve. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò bẹ̀ ẹ́ rí. Steve ju páálí sílẹ̀. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn.

Ó ti lé díẹ̀ ní aago márùn-ún kí géèmù náà tó ṣí. Fàsílátù fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó mú iṣẹ́ lọ́wọ́ kó lè dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ọ̀nà àtijọ́ náà tọ̀, òdòdó rẹ̀, olú rẹ̀. Bushrah ń kánjú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ igi kan kọjá láìdúró.

"Àwo," ni Fàsílátù wí.

Bushrah bojú wò ó. Ó dá òkété padà, ó gbé àwo kalẹ̀.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àkèré. Àkèré béèrè ìbéèrè rẹ̀. Òkété gbọ́wọ́ lé ìdérí, ọ̀rọ̀ méjì sì jáde nísàlẹ̀. Bushrah kà á: kí wọ́n ṣí i, tàbí kí wọ́n má ṣí i. Ó dúró.

"Èwo ni ká mú, Maman?"

"Ṣí i."

Òkété ò yára. Ó ṣí ìdérí bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ó nawọ́ sínú agbọ̀n, ó mú kóòtù búlúù kan jáde, oníbọ́tìnnì kan ṣoṣo. Irú tọrùn rẹ̀ gan-an ni, àmọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Àkèré wò ó. Ó gbé ife méjì kalẹ̀, ó bu tíì sí ọ̀kan, ó gbé e síwájú òkété. Ó bu tíì sí èkejì, ó gbé e síwájú kóòtù náà. Òun náà jókòó tì wọ́n.

Fàsílátù ń wo ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde.

"Ka ohun tí wọ́n kọ fún mi."

"Wọn ò kọ nǹkan kan, Maman."

"Wò ó dáadáa."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n kàn ń mu tíì ni."

Inú kọ́kọ́ bí Fàsílátù. Oṣù mẹ́ta ló fi dúró de ọ̀rọ̀ kan. Ó tún wo àwọn méjèèjì àti kóòtù tó wà láàárín wọn. Èéfín ń rú lórí ife méjèèjì. Òdòdó tó yí wọn ká ò pàdánù àwọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohùn kan tó kúrò nínú orin. Ó rí i pé bí wọ́n bá kọ ohunkóhun síbẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, òun ì bá ti dìde kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè tó o. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọṣẹ́, ló sọ sínú. Àwọn èèyàn yìí mọṣẹ́.

Nígbà tó yíjú, Bushrah ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Pẹpẹ ló ń wò. Ó wo bùbá tó wà lọ́rùn ọmọláńgidi, ó wo èyí tó wà lọ́rùn ara rẹ̀: aṣọ kan náà, ti Iléyá tó kọjá. Ó wo àwo ṣúgà. Ojú rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ.

Fàsílátù ò wá ọ̀rọ̀. Ó dìde, ó gbé ọmọláńgidi náà sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àwo rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Zulaikha nìyí. Òun ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán an síwájú kó lọ tọ́ ayé wò."

Ó ń retí ìbínú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti fi ń múra de ìbínú yẹn. Bushrah fi ìka kan kan ọwọ́ oníke náà. Yorùbá nìkan ló fi béèrè, òun tí kì í sọ gbólóhùn méjì kí Faransé má bọ́ sí i.

"Ṣé òun ló lọ sọ́jà?"

Fàsílátù jókòó padà tì í, ó ní òun ni.

"Mo rò pé mo lá a ni," ni Bushrah wí. "Pé ẹnì kan lọ sọ́jà, pé ó ń bọ̀." Ó tún ọrùn bùbá ọmọláńgidi náà ṣe. "Màmá, tí mo bá dé Mont-Bouët, mo ṣì máa ń wo ojú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi. Gbogbo ìgbà. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá."

Jẹnẹrétọ̀ Steve ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Lójú kọ̀ǹpútà, àkèré ṣì jókòó, tíì ò sì tíì tutù. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, Fàsílátù rò pé òun nìkan ló ń gbé àwo kalẹ̀.

Bushrah na ọwọ́ sí etí tábìlì, ó fa àgékù àǹkárá mẹ́rin náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó béèrè bóyá ti Zulaikha ni. Fàsílátù ní tirẹ̀ ni, òun ò tíì ráyè rán an.

"Ó yẹ kó ní aṣọ ìrìnàjò," ni Bushrah wí.

Fàsílátù gbójú sókè wo pẹpẹ. Níbi tí ọmọláńgidi ti jókòó fún ọdún mẹ́tàdínlógún, pákó náà mọ́ ju ìyókù lọ. Kò tíì rí ibẹ̀ rí. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

Bushrah ò ránṣọ rí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ, ìdí àwòrán ló máa ń sá lọ. Ó gún un lọ, ó gún un bọ̀. Òwú wọ́. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ẹyẹ orí aṣọ sì dorí kodò. Fàsílátù rí gbogbo rẹ̀. Kò tú u.